Ọgbà Àwọn Ọmọdé àti Jẹ́lé-ó-sinmi

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ni ó rí fún ilé-ẹ̀kọ́: orúkọ tí àwọn ènìyàn fún un ń fi ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ hàn. Ibi tí àwọn Yorùbá ń mú ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ ni wọ́n sọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Orúkọ náà kò fẹ́ ògbufọ̀. Ọmọ ń da ilé rú, ìyá rẹ̀ ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe, nítorí náà kí a mú un lọ, kí ilé lè sinmi. Àwọn ará Jámánì, níbi tí irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́kọ́ gbilẹ̀, fún un ní orúkọ mìíràn. Kindergarten ni wọ́n pè é, èyí ni ọgbà àwọn ọmọdé. Orúkọ tiwa ń ro ti ìyá àti ti ilé. Orúkọ tiwọn ń ro ti ọmọ àti ti ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀kan dára tí èkejì burú. Ṣùgbọ́n ìtàn wà láàárín orúkọ méjèèjì, ohun tí ìtàn náà sì ń sọ ni pé nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ń rin ìrìn-àjò káàkiri ayé, yàrá rẹ̀ ni ó gúnlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ibi. Ọgbà rẹ̀ sọnù sí ọ̀nà.

Ẹni tí ó dá ọgbà náà

Friedrich Fröbel ni ẹni tí ó dá ọgbà àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin, ọdún 1782, ni a bí i ní Oberweissbach, ìlú kékeré kan láàárín igbó Thuringia. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Luther ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú kí ó tó pé ọmọ ọdún kan. Nígbà tí baba fẹ́ ìyàwó mìíràn, tí ìyàwó náà sì bí ọmọ tirẹ̀, Fröbel di ẹni tí a kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí nínú ilé. Nígbà tí ó dàgbà tí ó ń kọ ìtàn ara rẹ̀, ó ṣàlàyé bí ìdánìkanwà ìgbà èwe rẹ̀ ṣe mú un súnmọ́ ewé àti òdòdó. Ní ọdún 1797 wọ́n fi í sí ẹnu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùtọ́jú igbó kan. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀, ó ń kọ́ ìwà igi àti ìwọ̀n ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ó gba ọ̀nà púpọ̀. Ó ṣe olùkọ́ ní Frankfurt ní 1805. Láti 1808 dé 1810 ó wà lọ́dọ̀ Pestalozzi, àgbà olùkọ́ nì, ní Yverdon ní ilẹ̀ Switzerland. Ní 1813 ó wọṣẹ́ ológun láti bá Napoleon jà. Ó sì tún ṣiṣẹ́ níbi tí a ń kó òkúta iyebíye àti irú òkúta gbogbo pamọ́ sí ní Berlin. Ní 1816 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Griesheim, ó sì gbé e lọ sí abúlé Keilhau ní 1817. Níbẹ̀ ni ó wà nígbà tí ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí títọ́ ènìyàn jáde ní 1826.

Nínú ìwé yìí ni ó ti gba olùkọ́ nímọ̀ràn pé, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ó bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde lọ sí pápá. Ìrìn náà kò gbọdọ̀ jọ ti ọ̀gá ogun pẹ̀lú ọmọ-ogun rẹ̀. Ti baba pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ó jọ. Bí olùkọ́ bá sì ń bẹ̀rù pé òun kò mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fún igi àti kòkòrò, Fröbel ní kí ó má ṣe torí èyí jókòó sílé. Ohun tí ojú ọmọ rí, tí ọwọ́ rẹ̀ sì bà, ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀. Orúkọ a máa tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún àwa náà, bí a ó ti rí i níwájú.

Ní 1837 ni ó lọ sí Blankenburg, kò jìnnà sí Keilhau, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti ilé-ìwé. Ní 1840 ni ó fún iṣẹ́ náà ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Bí ó bá dùn mọ́ ènìyàn láti rò pé òwe lásán ni orúkọ náà, pé ọmọ ni òdòdó, olùkọ́ sì ni olùtọ́jú ọgbà, kò ṣìnà; Fröbel ní èrò yẹn. Ṣùgbọ́n kò fi í mọ sí òwe. Ọgbà gidi ni ó fẹ́, tí a ń fi omi gidi wọ́n.

Ó ṣàlàyé bí ó ti yẹ kí a pín ilẹ̀ náà. Ní àárín ni ebè kéékèèké wà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá tó, kí ọmọ méjì pín ọ̀kan. A ó kọ orúkọ ọmọ sí ebè rẹ̀, a ó sì kọ orúkọ ohun tí ó gbìn. Ilẹ̀ àjùmọ̀ni ni ó yí ebè àwọn ọmọ ká, òdòdó ní apá kan, ọkà àti ẹ̀fọ́ ní apá kejì. Lórí ilẹ̀ àjùmọ̀ni, ọmọ ń kọ́ bí a ti ń bá ẹgbẹ́ ṣiṣẹ́. Lórí ebè tirẹ̀, òun ni ọ̀gá. Ohun tí ó wù ú ni kí ó gbìn, bí ó sì ti wù ú ni kí ó tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá gbàgbé láti bomi rin ín, kò sí ẹni tí yóò nà án. Ewé tí ó rọ ni yóò bá a wí. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ètò kékeré yìí: pé ènìyàn ní ohun tí í ṣe tirẹ̀, àti pé ohun tí í ṣe tirẹ̀ wà láàárín ohun tí í ṣe ti gbogbo ènìyàn.

Ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà, Fröbel ṣe àwọn ohun ìṣeré tí ó pè ní ẹ̀bùn: bọ́ọ̀lù òwú aláwọ̀ mẹ́fà, igi roboto àti igi onígun, àti igi kéékèèké tí ọmọ lè fi kọ́lé. Àwọn ẹ̀bùn wọ̀nyí dára, wọ́n sì lókìkí. Àwọn náà ni ó wá bo ọgbà mọ́lẹ̀.

Bí ọgbà ṣe sọnù

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, ọdún 1851, Karl von Raumer, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Prussia, fi òfin de àwọn ọgbà ọmọdé jákèjádò ìjọba náà. Ẹ̀sùn tí ó fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fi ìmọ̀ràn àwọn sósíálíìsì àti àìgba-Ọlọ́run-gbọ́ kọ́ ọmọ. Ọ̀tẹ̀ tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1848 ṣì ń ba àwọn aláṣẹ lẹ́rù. Ìwé pélébé kan tí Karl Fröbel, ọmọ arákùnrin Friedrich, kọ wà lára ohun tí mínísítà náà dì mú. Ó so ti ọmọ mọ́ arákùnrin baba rẹ̀ lọ́rùn. Fröbel kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ti rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, 1852, ó kú. Ọdún 1860 ni Prussia tó mú òfin náà kúrò.

Ìyà tí a fi jẹ iṣẹ́ náà ní ilé ni ó tú u ká sí ìdálẹ̀, àwọn obìnrin ni ó sì gbé e rù. Bertha Ronge àti ọkọ rẹ̀ ṣí ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1851. Ní 1856 Margarethe Schurz bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn ọmọ tí ń sọ èdè Jámánì ní ìlú Watertown, ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà. Elizabeth Peabody ṣí èyí tí ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Boston ní 1860. Ní 1873, Susan Blow mú un wọ inú àwọn ilé-ìwé ìjọba ní St. Louis. Ẹnì kan kò sì ṣe tó Bertha von Marenholtz-Bülow, tí ó rin ilẹ̀ Yúróòpù já, tí ó ń wàásù iṣẹ́ náà fún àwọn ọlọ́lá àti àwọn olùkọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wọ inú àpótí ni ó rọrùn láti kó wọ ọkọ̀. Igi onígun wọ inú àpótí. Bọ́ọ̀lù òwú wọ inú àpótí. Ilẹ̀ kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di òpin ọdún 1869 sí 1870, Milton Bradley, oníṣòwò ohun ìṣeré ní Springfield ní Massachusetts, ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn ẹ̀bùn Fröbel fún títà. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe ọgbà fún títà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlú ńlá tí iṣẹ́ náà dé jẹ́ ìlú olókùúta, ilẹ̀ wọn wọ́n, yàrá ni ó sì wà fún yíyá. Díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé gígé ṣe òdòdó níbi tí ó ti yẹ kí ó gbin òdòdó. Orúkọ ọgbà ṣì wà lára ilẹ̀kùn. Ohun tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́.

Deptford

Àwọn tí ó tún rántí ọgbà náà kò rántí rẹ̀ nítorí ìwé Fröbel nìkan. Ìṣẹ́ ni ó rán wọn létí. Rachel McMillan àti àbúrò rẹ̀ Margaret jẹ́ ọmọ àwọn ará Scotland, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni a bí wọn sí, Rachel ní 1859, Margaret ní 1860. Ní 1910 wọ́n ṣí ilé ìwòsàn kan fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Deptford, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ilé fún mọ́ra, tí èéfín bo ojú ọ̀run. Wọ́n ń wo ọmọ sàn, ọmọ ń padà sínú yàrá tí kò rí oòrùn, àìsàn kan náà ń gbé e padà wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni àrùn egungun rírọ̀ mú, tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Àìrí oòrùn àti àìjẹun-re-kánú ni ó ń fà á.

Ní 1911 wọ́n ṣe ibùdó kan tí àwọn ọmọ lè máa sùn ní ìta gbangba. Ní 1914 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì kọ́kọ́ ro ti ilẹ̀ kí wọ́n tó ro ti ilé. Àtíbàbà tí ó ṣí sílẹ̀ sí ọgbà ni wọ́n fi ṣe kíláàsì. Igi wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ wà níbẹ̀, ewé olóòórùn dídùn wà níbẹ̀, òkìtì iyanrìn àti òkúta wà tí ọmọ lè gùn. Nígbà ogun 1914 sí 1918, àwọn ìyá tí ń ṣiṣẹ́ níbi tí a ti ń ṣe ohun ìjà ń fi ọmọ wọn síbẹ̀. Rachel kú ní 1917. Margaret ń bá iṣẹ́ náà lọ títí ó fi kú ní 1931. Òfin ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1918 fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láǹfààní láti náwó lé irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lórí.

Deptford ni a ti rí i pé orúkọ méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lè gbé inú ilé kan. Ìyá ráyè lọ síbi iṣẹ́, ilé sì sinmi. Ọmọ wà nínú ọgbà, egungun rẹ̀ sì le. Kò sí ìdí tí a fi ní láti yan ọ̀kan kí a sì fi èkejì sílẹ̀.

Àwọn mìíràn tilẹ̀ mú ilé kúrò pátápátá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ella Flatau, ìyá ọlọ́mọ kan ní Søllerød ní Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ tirẹ̀ àti ti aládùúgbò rìn nínú igbó lójoojúmọ́, àwọn òbí sì sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́. Ní Sweden, Gösta Frohm dá ẹ̀kọ́ igbó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kékeré ní 1957. Ní 1993, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kan láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Bridgwater ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wo iṣẹ́ náà ní Denmark, wọ́n sì mú un padà wá sílé. Ilẹ̀ tí òjò dídì ń bo fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún ni àwọn wọ̀nyí. Síbẹ̀ wọn kò ti ọmọ mọ́lé.

Ní ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn baba ńlá wa kò gbọ́ orúkọ Fröbel rí, ṣùgbọ́n ebè ọmọdé kò ṣàjèjì sí wọn. Bàbá tí ń lọ sí oko a máa bu ilẹ̀ díẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kí ó fi dá oko tirẹ̀, a sì roko kékeré fún un láti fi ro ó. Ìyá tí ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ń fi ewé han ọmọbìnrin rẹ̀: tẹ̀tẹ̀ nìyí, ṣọkọ nìyí, ewúro nìyí. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, àwọn ọmọ ń sáré lé ikán tí ń fò. Wọ́n ń ṣa karawun ìgbín, wọ́n ń fi òkòtó ta lórí ilẹ̀, wọ́n ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá lábẹ́ òṣùpá. Bí ọ̀nà ìjàlọ bá dá ojú ọ̀nà kọjá, wọ́n mọ̀ pé a kì í tẹ̀ ẹ́.

Ewé patanmọ́ jẹ́ ẹ̀rí kan. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni ewéko yìí ti wá. Àjèjì ni láàárín wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ti fọwọ́ kàn án, omi inú ìdí ewé rẹ̀ á sá, ewé á pa dé, ọmọ á bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ọ̀mọ̀wé tí ó jókòó láti wá orúkọ fún un. Ojú tí ó rí ìṣe rẹ̀ ni ó sọ ọ́ ní patanmọ́. Níbi tí ọmọdé bá ti ń bá ohun àjèjì ṣeré, kò ní pẹ́ tí ohun náà yóò fi ní orúkọ nínú èdè ibẹ̀. Níbi tí ọmọdé kò bá ti fọwọ́ kan nǹkan mọ́, orúkọ tí nǹkan ní tẹ́lẹ̀ pàápàá yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú.

Ilé-ìwé àwọn oníṣẹ́ Ọlọ́run wá sí Bádágrì láàárín 1842 sí 1845, ìwé kíkà sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ohun rere ńlá ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó ti ìwé ABD kúrò lẹ́yìn bàbá rẹ̀ ní oko. Àwọn aláṣẹ fúnra wọn rí àlàfo yìí. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes, tí Thomas Jesse Jones jẹ́ olórí rẹ̀, tí Aggrey ọmọ Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, sì wà nínú rẹ̀, bẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wò ní 1920 sí 1921. Ìròyìn wọn jáde ní 1922. Ó ní ẹ̀kọ́ náà jìnnà sí ìgbé-ayé àwọn ènìyàn. Ní 1925 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba irú èrò kan náà wọlé nínú ìlànà tí ó gbé jáde fún ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà. Ọgbà ilé-ìwé àti ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹ̀dá sì di ohun tí a mọ̀ nínú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èwo ni ó wá kù? Ohun méjì ni ó kù. Èkíní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ ohun ẹ̀dá náà, débi pé ọmọ lè ya labalábá sínú ìwé kí ó sì kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sí i, láìtẹ̀ lé labalábá kan dé orí òdòdó rí. Èkejì burú jù ú lọ. Ilẹ̀ ilé-ìwé di ilẹ̀ ìyà. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, àdá ni a fi lé e lọ́wọ́ kí ó lọ gé koríko. Ọmọ tí ó pariwo, omi ni ó lọ pọn sí oko olùkọ́. Fröbel fi ilẹ̀ kọ́ ọmọ pé ó ní ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa fi ilẹ̀ kọ́ ọmọ pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni í fọwọ́ kan erùpẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà tí ó sá fún oko, tí ó sì kọ̀ kí ọmọ tirẹ̀ ṣeré nínú iyanrìn, kí ni a fẹ́ bi í?

Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní, 1955, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, mú iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní ohun tí kò tó ìdajì mílíọ̀nù bọ́ sí ohun tí ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sí nínú ètò náà. Ọwọ́ àwọn aládàáni ni jẹ́lé-ó-sinmi bọ́ sí. Ibi tí òbí bá ti ń sanwó, ohun tí ojú lè rí ni ó ń béèrè: ìwé tí ọmọ kọ, orin Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ mọ̀. Bí aṣọ ọmọ bá ti ibẹ̀ wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀, ẹjọ́ dé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, iṣẹ́ náà sì fi hàn pé èdè wa gbà á. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 pẹ̀lú sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí a fi kọ́ ọmọ tí kò tíì wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà wà lórí ìwé nígbà náà. Ilẹ̀ ni kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ kò ná ènìyàn lówó. Ẹ̀wà mẹ́ta nínú agolo erùpẹ̀ kan, orúkọ ọmọ lára agolo, tó láti fi dípò ebè Blankenburg níbi tí gbogbo àgbàlá ti di sìmẹ́ǹtì. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ gbìn ín, kí ó má bá a bomi rin ín. Kí àwọn ọmọ gbé ìgbín kan sórí ewé, kí wọ́n wo bí ó ti ń jẹun. Kí wọ́n fi ẹfun fa ìlà sí ibi tí òjìji igi dé láàárọ̀, kí wọ́n padà wò ó lọ́sàn-án. Kí wọ́n ṣa ewé márùn-ún lábẹ́ igi márùn-ún, kí ẹni tí ó bá mọ orúkọ wí i, kí wọ́n lọ béèrè èyí tí ó kù lọ́wọ́ ìyá àgbà ní ilé. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò nítorí ejò àti àfọ́kù ìgò, kí ó sì yàn àárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ìyẹn wà lára ewu tí ó wà níbẹ̀, àgbà sì lè bójú tó o.

Níbí ni ìmọ̀ràn ọdún 1826 ti wúlò fún wa. Olùkọ́ tí kò mọ orúkọ Látìn tí igi kan ń jẹ́, tí ó sì mọ̀ ọ́n ní ìrókò tàbí ní àyìnrẹ́, kò sí ohun tí ó kù fún un láti mọ̀ kí ó tó mú ọmọ jáde. Ẹni tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù ni olùkọ́ tí kò mọ orúkọ náà ní èdè kankan, tí kò sì ní ẹni tí yóò bi mọ́ nígbà tí àwọn àgbà bá lọ tán. Orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi kò fẹ́ àyípadà. Ilé ti sinmi. Ó kù kí ọmọ rí ilẹ̀ tẹ̀.